Ìṣesí Àwọn Onígbàgbọ́ Kò Dọ́gba: Ìtàn Kan Láti Odò Ọya

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ka ìwé ọdọọdún yìí, ó dá wa lójú pé ẹ ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì dé ibi tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà gbé jà. Ọ̀ràn Máàkù ni ó dá ìjà náà sílẹ̀. Lójú Pọ́ọ̀lù, ẹni tí ó ti padà lẹ́yìn wọn lẹ́ẹ̀kan kò yẹ ní ẹni tí a tún ń mú lọ sí ojú ogun. Lójú Bánábà, ọmọ tí ó kọsẹ̀ ni ó yẹ kí a fà lọ́wọ́ dìde. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pínyà, ọ̀kan wọ ọkọ̀ lọ sí Kípírù, èkejì gba ọ̀nà Síríà lọ. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ti Míṣọ̀n, a bi olùkọ́ wa léèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ni Ẹ̀mí Mímọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí a lọ wá ìdáhùn náà nínú ìwé ìtàn. Ó ti lé ní ogún ọdún nísinsìnyí. A kò tíì rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n a rí díẹ̀, díẹ̀ náà ni a fẹ́ fi hàn yín níhìn-ín.

Àwọn baba wa a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà, gbogbo wa ni a sì ń pa á fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ìsìn, olúkúlùkù wa a máa rò pé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ òun mọ̀ nìkan ni ó wọ ọjà. Ẹ wo inú ìjọ kan ṣoṣo ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹnì kan wà tí ó jẹ́ pé ìwé àdúrà tí a ti tò lẹ́sẹẹsẹ ni ó ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé bí kò bá sunkún, kí ó sì ké kíkankíkan, kò gbà pé òun ti gbàdúrà. Ẹnì kan kò lè rí ẹ̀ṣẹ̀ kí ó dákẹ́. Ẹlòmíràn a mú sùúrù títí ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò fi wá bá a fúnra rẹ̀. Bí a ti dá olúkúlùkù ni èyí, a kò sì lè pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá sọ ọkàn ara rẹ̀ di òṣùwọ̀n, tí ó sì ń fi í wọn arákùnrin rẹ̀ láti mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ̀, ìgbà náà ni ewu dé. Nínú ìtàn Ìjọ wa, a kò mọ ibi tí ewu yìí gbé hàn gbangba ju orí Odò Ọya lọ, ní ọdún 1890.

Ìgbésí-ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kò ṣàjèjì sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, nítorí náà a ó yára kọjá lórí rẹ̀. A bí i ní Òṣoògùn ní nǹkan bí ọdún 1809. A kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. A fi í jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ́nù ní 1843. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, a sì sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Àǹglíkà. Oyè wọ̀nyí ni a sábà máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àkọ́sórí. Irú ọkàn tí ọkùnrin náà ní ni a fẹ́ kí ẹ fiyè sí lónìí.

Onísùúrù ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845, òun, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ń lọ. Ní àkókò náà gan-an ni Ṣódẹkẹ́, tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kú, ọ̀nà sì dí. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró sí etí òkun. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná ì bá ti padà, tàbí kí ó fi agídí wọ inú igbó. Crowther jókòó, ó ń wàásù, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn, ó sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá rẹ̀, Àfálà, tí kò fi ojú kàn án láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, gbọ́ nípa rẹ̀ ó sì tọ̀ ọ́ wá. Inú wa a máa dùn láti sọ ìpàdé náà fún àwọn ọmọ kíláàsì, ṣùgbọ́n ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kì í sábà sọ. Ọmọ tí ó jẹ́ àlùfáà kò sáré mú ìyá rẹ̀ lọ sí ibi omi ìrìbọmi. Ó dúró, ó ń kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ àwọn yòókù, títí di 1848 tí a fi ṣe ìrìbọmi fún un tí a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Sùúrù yìí kan náà ni ó fi ṣe iṣẹ́ Bíbélì. Ó máa ń jókòó ti àwọn àgbàlagbà láti gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kí Yorùbá inú ìwé má baà jẹ́ Yorùbá àjèjì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì kọ ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu àwọn Mùsùlùmí wọ èdè wa. Àdúrà, wàásù, àlùfáà, àlàáfíà: gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wá, wọ́n sì wà nínú Bíbélì wa, èyí tí gbogbo rẹ̀ parí ní 1884. Ní 1872, nígbà tí àwọn ará ààfin Ẹ́mírì ní Ìlọrin ń bi Crowther ní ìbéèrè lórí Jésù àti Mùhámọ́dù, kò bá wọn jiyàn. Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá ni ó ṣí, ó ka ìdáhùn láti inú rẹ̀ fún wọn, ó sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwà rere kan kì í ṣe aláìní òjìji. Láti 1857, nígbà tí òun àti J. C. Taylor dá ibùdó sílẹ̀ ní Onitsha, àwọn ọmọ Áfíríkà nìkan ni ó fi ṣe iṣẹ́ Míṣọ̀n Odò Ọya, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Sàró. Èkó ni Bíṣọ́ọ̀bù fi ṣe ibùgbé. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó sì ń gbà lọ bẹ àwọn ibùdó wò, nígbà tí omi bá kún tí ọkọ̀ sì lè gòkè. Nítorí náà ojú rẹ̀ kò tó gbogbo nǹkan. Àwọn olùkọ́ni kan fi òwò ṣe iṣẹ́, wọ́n fi iṣẹ́ Olúwa ṣe àfọwọ́rá. Àwọn díẹ̀ tilẹ̀ ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó burú jáì. A kì yóò fi èyí pamọ́ nítorí pé ẹni wa ni. Bí ẹjọ́ bá sì dé iwájú rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù a máa béèrè ẹ̀rí, a máa dúró de ìrònúpìwàdà, a máa gbé ẹni tí ó jẹ̀bi kúrò níhìn-ín lọ sí ọ̀hún kí ó lè tún bẹ̀rẹ̀. Bánábà ni, Máàkù sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tiwa, a gbà pé ìgbà mìíràn wà tí sùúrù rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a ré òkun kọjá. Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Keswick, láàárín àwọn òkè àti adágún ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onígbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ lọ́dọọdún láti 1875. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé kò tó kí ènìyàn gba ìdáríjì kí ó sì máa bá ẹ̀ṣẹ̀ jà títí ayé. Bí ó bá fi ara rẹ̀ jìn fún Kristi pátápátá, ó lè rí ìṣẹ́gun gbà, kí ó sì máa gbé nínú agbára Ẹ̀mí. Ẹ̀kọ́ yìí dà bí iná nínú ọkàn àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cambridge, àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀, fi ìtura ilé baba wọn sílẹ̀ láti lọ kú ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Mẹ́ta nínú irú wọn ni a ó dárúkọ. Graham Wilmot Brooke kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ ní 1890. Ó ti ń wá ọ̀nà dé ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí inú lọ́hùn-ún láti ìgbà tí ó ti wà ní ọ̀dọ́. J. A. Robinson jẹ́ ọ̀mọ̀wé Cambridge, ó sì ti di akọ̀wé Míṣọ̀n Odò Ọya ní 1887. Dókítà C. F. Harford-Battersby jẹ́ ọmọ bíbí inú àlùfáà tí ó dá ìpàdé Keswick sílẹ̀. Lọ́kọ́jà ni wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, wọ́n wọ agbádá àti fìlà bí Haúsá, wọ́n jẹ oúnjẹ ilẹ̀ náà, wọn kò sì fẹ́ kí agbára ìjọba òyìnbó dáàbò bò wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ìbọn ni ó ṣí ọ̀nà fún Ìhìnrere. Ẹ wo bí èyí ti dára tó! Nínú ọ̀ràn aṣọ yìí, àwọn ni wọ́n dà bí ará ilé, tí àwọn ọmọ Sàró tí wọ́n wọ kóòtù sì dà bí àlejò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí ojú sí àwọn olùkọ́ni Crowther, wọn kò rí iná tí wọ́n mọ̀. Wọ́n rí ọkùnrin tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní A B D, tí ó ní ìyàwó, ọmọ àti ilé, tí ó ń ka ìwé àdúrà ní òwúrọ̀ àti ní àṣálẹ́, tí kò sì lè sọ ọjọ́ tí Ẹ̀mí bà lé òun. Àwọn kan nínú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun ju pé wọ́n tutù lọ. Lójú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó tutù àti ẹni tí ó kú. Wọ́n ní àfi kí a wó ilé náà lulẹ̀ dé ìpìlẹ̀ kí a tó tún un kọ́. Ní ti Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nárì náà kọ̀wé pé ó jẹ́ arúgbó tí ó dùn-ún bá gbé, onírẹ̀lẹ̀ tí kò ní ẹ̀tàn nínú, ṣùgbọ́n kò jọ ẹni tí Ọlọ́run pè láti ṣe alábòójútó. A ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí ìrẹ̀lẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn pé ìrẹ̀lẹ̀ náà lè jẹ́ àmì ìpè.

Àgbẹ̀ tí ó gbin ilá yóò ká a kí òjò ọdún náà tó dá. Àgbẹ̀ tí ó gbin obì yóò dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ rẹ̀ ni ó sì lè jẹ èrè rẹ̀. Bí olóko ilá bá dé oko olóbì ní ọdún kejì, yóò wí pé ọ̀lẹ ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ ìṣúná Míṣọ̀n jókòó ní Onitsha. Bíṣọ́ọ̀bù, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni alága. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni F. N. Eden, òyìnbó ọ̀dọ́ kan. A mú orúkọ àwọn olùkọ́ni àti àlùfáà ọmọ Áfíríkà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí ó fi kan Archdeacon Dandeson Crowther, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Nígbà náà ni akọ̀wé sọ pé òun, gẹ́gẹ́ bí aṣojú Ẹgbẹ́ C.M.S., ní àṣẹ láti dá àlùfáàkálùfáà dúró. Bíṣọ́ọ̀bù kò pariwo. Ó ní kí akọ̀wé jọ̀wọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀ pé ẹnu ya Bíṣọ́ọ̀bù Crowther láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ronú lórí bí ó ti rí. Ọmọkùnrin tí ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó ní iwájú rẹ̀, ó ń gba iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ó lé lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àgbàlagbà náà sì béèrè ni pé kí a kọ ìyanu òun sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni gbogbo ìṣesí Crowther wà.

Àwọn kan yóò dá wa dúró pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣesí ni èyí, ọ̀rọ̀ awọ ara ni. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. A ti fún ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí Odò Ọya ní ìwé àṣẹ láti ṣe ìjọba ní 1886. Ọjọ́ tí òyìnbó gbà pé ọmọ Áfíríkà lè ṣe olórí ti ń lọ sí òpin. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín kí ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò mọ̀ pé ìgbéraga ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Wọ́n rò pé ìwà mímọ́ ni. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn lè tijú ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó rò pé ìtara Ọlọ́run ni òun ń fi ṣe é, níbo ni ìtìjú yóò gbà wọlé sí i lọ́kàn?

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò gùn. Robinson kú ní Lọ́kọ́jà ní 1891. Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà. Brooke kú ní Lọ́kọ́jà ní oṣù kẹta ọdún 1892. Kò pé ọdún kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bọ́ sí iwájú Ẹni tí olúkúlùkù wọn rò pé òun ń ṣiṣẹ́ fún. Ìrántí Robinson ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè Haúsá, arákùnrin rẹ̀ sì ṣe ìwé atúmọ̀ èdè náà. Iṣẹ́ tí ó jọ ti Crowther gan-an ni. Bonny àti àwọn ìjọ etí òkun tí ó yí i ká dúró lẹ́yìn Archdeacon Dandeson, wọ́n sì di ìjọ tí ń bọ́ ara wọn ní 1892. Bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó ni a fi rọ́pò Crowther. Ó di ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, àádọ́jọ ọdún gééré lẹ́yìn ìfijoyè rẹ̀, kí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury tó dúró nínú kàtídírà kan náà láti sọ pé Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọrọ ìdáríjì nítorí bí a ti ṣe sí i.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, yóò rọrùn fún wa: àwọn ọlọ́kàn gbígbóná jẹ̀bi, onísùúrù jàre. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí kò jẹ́ kí a lè pín in bẹ́ẹ̀, James Johnson ni.

Sàró ni a gbé bí Johnson, ní nǹkan bí ọdún 1836, ọmọ Yorùbá ni ìyá àti bàbá rẹ̀. Bí Crowther bá dà bí omi, iná ni Johnson. Àwọn ará Èkó tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1874, tí ó sì ṣe àlùfáà fún ní ìjọ St. Paul, Breadfruit, sọ ọ́ ní Johnson Mímọ́, àwọn mìíràn fi ṣe ìyìn, àwọn mìíràn fi ṣe ẹ̀gàn. Ní 1877 a rán an lọ ṣe alábòójútó ní Abẹ́òkúta. Ó dé ibẹ̀, ó bá àwọn onígbàgbọ́ tí ó ní ẹrú, ó ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀; ó bá àwọn tí ó fẹ́ aya púpọ̀, kò gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún wọn; ó ní kí owó kíláàsì pọ̀ sí i kí Ìjọ lè bọ́ ara rẹ̀ láìdúró de òyìnbó. Kò sí èyí tí kò tọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ilé gbóná, àwọn olóyè àti àwọn oníṣòwò inú Ìjọ dìde sí i, a sì gbé e kúrò ní 1880. Pọ́ọ̀lù ni, kò sì fẹ́ rí Máàkù kankan.

Nítorí náà, bí a bá ń fi ìṣesí nìkan ṣe ìdájọ́, ẹ̀yìn àwọn ọ̀dọ́ Lọ́kọ́jà ni à bá wá Johnson sí ní 1890. Òun pẹ̀lú kórìíra ìwà ìlọ́wọ́ọ́wọ́, òun pẹ̀lú ń gbààwẹ̀, òun pẹ̀lú fẹ́ ìjọ mímọ́. Ẹ̀yìn àgbàlagbà onísùúrù ni a rí i. Ó wà nínú àwọn tí ó gbé ohùn sókè ní Èkó lòdì sí ohun tí a ṣe ní Onitsha. Nígbà tí àwọn kan nínú ìbínú náà jáde lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1891, èyí tí a mọ̀ sí U.N.A., Johnson kò bá wọn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, ọkùnrin oníná náà mọ bí a ti í dúró ti ẹni tí kò dà bí òun, kí ó sì tún dúró nínú ilé tí ó ṣẹ̀ ẹ́. A kò mọ ohun tí ó ga ju èyí lọ nínú ìgbésí-ayé rẹ̀.

Ó wá jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ní 1900 ó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù fún àgbègbè etí Odò Ọya àti Benin. Ní 1915 àti 1916, ọkùnrin Ìjọ Àǹglíkà kan ní Bakana, Garrick Braide, bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó ní kí àwọn ènìyàn kó òrìṣà àti oògùn wọn dànù, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú ọtí líle. Ogunlọ́gọ̀ sì gbọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jọ Johnson tó o nínú ìtara. Ṣùgbọ́n Braide kò mọ̀wé tó, ó ń fi ohùn òkè sọ àsọtẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí a máa pe òun ní Èlíjà Kejì. Johnson kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ó ní ìdí. Orúkọ náà burú, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì ti ń kọjá àyè. Ìjọba mú Braide ní 1916, wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n, ó sì kú ní 1918, ọdún kan lẹ́yìn tí Johnson fúnra rẹ̀ ti kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e kò padà sí Ìjọ mọ́. Iná méjì ni wọ́n jẹ́, ọ̀kan sì sọ pé èkejì kì í ṣe iná.

Ìgbà tí Braide kú náà ni àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú dé sí ilẹ̀ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ará ìjọ Àǹglíkà St. Saviour, tí J. B. Ṣàdárè jẹ́ àgbà wọn, bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, wà láàárín wọn. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú Ìjọ, nítorí ìrìbọmi ọmọdé àti nítorí pé wọ́n kọ oògùn. Àwọn ọ̀ràn wọ̀nyí kì í ṣe kékeré, àwa pẹ̀lú kò sì gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n a máa ń rò ó pé àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ òrùlé tiwa, ní àkókò tí òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Aládùúrà ni gbogbo ayé sì ń pe irú wọn títí di òní, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tí Crowther onísùúrù kò kọ̀ láti gbà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí.

A kò kọ gbogbo èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, ìyá àgbà kan wà tí kì í lè fi ohùn kékeré ṣe Àmín. Bí a bá ń ka àdúrà, ohùn rẹ̀ a jáde láti ẹ̀yìn bí ẹni tí ń pe ọmọ ní oko. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹni tí kì í pa ìsìn jẹ tí kì í sì í gbọ̀n, sọ fún wa pé ìyá náà ń da ọkàn òun láàmú. A mọ̀ pé òtítọ́ ni ó sọ. A pe ìyá náà lẹ́yìn ìsìn, a sì fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ilé Ọlọ́run ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Fún oṣù márùn-ún a kò rí i.

Nígbà tí a lọ sí ilé rẹ̀, ó gbé àga fún wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa kú ìrìn. A ní, "Mà, ojú yín ni a kò rí."

Ó ní, "Kátíkíìsì wa, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní Àmín. Ẹ kò kọ́ mi ní bí ó ti yẹ kí ó kéré tó."

A kò rí èsì fọ̀. A bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì ó wá, ó jókòó sí àga tí ó kángun sí ẹnu ọ̀nà, kò sì la ẹnu rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó tún gbọ́ ohùn náà, ní òpin Lítánì, ó sì kéré ju ti àtijọ́ lọ. Bàbá ìgbìmọ̀ yí ọrùn wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó wò wá, ó sì tún ojú rẹ̀ dá sínú ìwé.